Àwọn Mẹ́fà Mìíràn

Ọjọ́ Ajé, 23 oṣù kẹfà

Ìdánwò àṣekágbá parí lọ́jọ́ Ẹtì. Ọjọ́ méjì péré ni mo fi sinmi. Lónìí ni ẹ̀wọ̀n tèmi bẹ̀rẹ̀, ní ọ́fíìsì Mọ́mì.

Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn mí ni pé mo wa kẹ̀kẹ́ Màrúwá bàbá ọ̀rẹ́ mi láti Kubwa dé Byazhin, mo sì kó èrò. Òótọ́ ni. Ohun tí wọn ò sọ ni pé mi ò kọ lu ẹnikẹ́ni, àti pé ìyá àgbà kan tí mo gbé sọ fún mi pé látìgbà tí wọ́n ti dá Abuja sílẹ̀, òun ò tíì rí awakọ̀ tó yára tó mi. Mọ́mì fẹ̀sùn kàn mí, Mọ́mì gbọ́ ẹjọ́, Mọ́mì dá ẹjọ́. Kò sí lọ́yà kankan fún mi. Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ tí ìjọba tìtorí ẹ̀ ń sanwó oṣù fún un ni pé kó máa bá àwọn tí kò rówó gba lọ́yà rojọ́!

Ìdájọ́ mi: kí n máa bá a to fáìlì títí di ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù tó ń bọ̀. Ọjọ́ yẹn ni Adájọ́ Àgbà máa lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n láti tú àwọn tí wọ́n tì mọ́lé láìgbọ́ ẹjọ́ wọn sílẹ̀. Lẹ́yìn ẹ̀, kóòtù máa lọ ìsinmi. Mọ́mì ló ń kọ orúkọ àwọn tó yẹ kó jáde. Ìwé kóòtù gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn orúkọ kọ̀ọ̀kan. Orúkọ tí kò níwèé, wọn ò ní pè é.

Yorùbá ni mo fi ń kọ èyí nítorí Hezekiah. Àbúrò mi yẹn lè tú báàgì ẹni, ó lè ṣí fóònù ẹni, ṣùgbọ́n tó bá ti rí àmì ohùn, orí á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ. Kò síbi tí ẹ̀ṣẹ̀ mi tún lè sá pamọ́ sí tó dáa ju ibí lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 24

Eruku. Mo sín tó ẹgbẹ̀ta ìgbà. Fáìlì kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n fún mi.

Ọjọ́bọ̀, 26

Òjò láti àárọ̀. Ọkọ̀ tò lójú títì márosẹ̀ bí ẹni pé wọ́n ń pín ìrẹsì ọ̀fẹ́ níwájú. A dé ọ́fíìsì ní agogo mẹ́wàá kọjá.

Obìnrin kan wá tòun ti Habeebah, ọmọ ẹ̀ kékeré, àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó mẹ́ta nínú ọ̀rá. Mọ́mì ò tíì jẹ́ kó jókòó tó fi sọ pé, "Ìjọba ti sanwó fún mi, Ìyá Habeebah. Ẹ gbé e sẹ́bàá ilẹ̀kùn, kí ẹ mú un dání tí ẹ bá ń lọ." Ó dùn mí wọra. Òórùn ọ̀pẹ̀ òyìnbó yẹn nìkan tó èèyàn jẹ lóúnjẹ ọ̀sán.

Lateefah lorúkọ obìnrin náà. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tiwa ni, ó ń ra èso ní Zuba, ó ń tà á ní Mpape. Abdulqudus ọkọ ẹ̀ ń fọ́ òkúta lórí òkè níbẹ̀. Lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, àwọn adigunjalè wọ ilé ńlá kan ní Maitama. Lọ́jọ́ kejì, ọlọ́pàá gun òkè Mpape, wọ́n sì kó gbogbo ẹni tí wọ́n bá níwájú ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń lẹ táyà. Abdulqudus gbé táyà bárò tó fi ń kó òkúta lọ síbẹ̀ ni. Ìdigunjalè ni wọ́n kọ sí i lọ́rùn. Táyà bárò ló wà lọ́wọ́ ẹ̀ o!

"Ṣé wọ́n ti gbé e dé kóòtù?" Mọ́mì bi í.

"Lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mà. Látìgbà yẹn, tí mo bá lọ béèrè, wọ́n á ní kò sí fáìlì tó ń jẹ́ orúkọ ẹ̀."

"Fún ọdún mẹ́rin?"

"Oyún oṣù méjì ni èyí nígbà yẹn." Ó nawọ́ sí Habeebah, tó ti wọ abẹ́ tábìlì, tó ń tú okùn bàtà mi.

Mọ́mì bọ́ gíláàsì ojú ẹ̀. Tó bá ti bọ́ ọ, ọ̀rọ̀ tí kò dáa ló kàn. "Mo gbà yín gbọ́. Ṣùgbọ́n láìsí fáìlì, mi ò lè kọ orúkọ ọkọ yín."

Mọ́mì ní kí n sìn wọ́n dé géètì. Obìnrin náà ń rìn bí ẹni tó gbé àpáta Zuma rù. Àánú ẹ̀ ṣe mí, kí n sì tó mọ̀, ẹnu mi ti ṣí: "Ìyá Habeebah, ẹ fọkàn balẹ̀ jàre. Lọ́jọ́ kẹrìnlélógún, ilé ni bàbá Habeebah ti máa jẹun. Ṣé Adájọ́ Àgbà yẹn? Ọ̀rẹ́ Mọ́mì mi ni. Inú abọ́ kan náà ni wọ́n ti ń jẹ ìrẹsì."

"Lóòótọ́?"

"Ẹ tiẹ̀ lè ti máa fọ aṣọ wọn sílẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi ọ̀pẹ̀ òyìnbó kan lé mi lọ́wọ́. Ẹ̀yìn jẹnẹrétọ̀ ni mo ti jẹ ẹ́.

Ibi tí Mọ́mì sún mọ́ Adájọ́ Àgbà dé ni fọ́tò adájọ́ náà tó wà lára ògiri ọ́fíìsì Mọ́mì.

Ọjọ́rú, 2 oṣù keje

Mọ́mì fi lẹ́tà rán mi sí Bàbá Nehemiah, tó ń tọ́jú fáìlì ní kóòtù. Bàbá náà pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yẹn débi pé mo rò pé wọ́n kọ́ kóòtù yí i ká ni. Ó ṣí ìwé ńlá kan tó tó ilẹ̀kùn, ó wo orúkọ Abdulqudus, ó wo orúkọ bàbá ẹ̀, ó fi ìka tọ́ gbogbo ojú ìwé ọdún náà sísàlẹ̀.

"Kò sí o, ọmọ Rachael." Orúkọ Mọ́mì ló fi ń pè mí. "Ká ní ó wà lórí ilẹ̀ ni, mi ò bá ti rí i."

Àgbàdo sísun kan ti di irínwó náírà lẹ́nu géètì kóòtù. Mo ní kí obìnrin tó ń sun ún fi adájọ́ kan kún un.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8

Mọ́mì ti ọgbà ẹ̀wọ̀n dé ní nǹkan bí agogo mẹ́ta. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó pa ilẹ̀kùn dé.

"Hadassah. Èmi àti Adájọ́ Àgbà, ilé ta la ti jọ jẹ ìrẹsì?"

Mo bẹ ilẹ̀ kó là. Kò là.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí, bí Abdulqudus ṣe sọ fún un. Ìyá Habeebah gbé ọ̀rọ̀ mi lọ bá ọkọ ẹ̀. Nínú yàrá tí Abdulqudus wà, àádọ́rin èèyàn ló ń sùn síbi tó yẹ ogún. (Mi ò fi tèmi kún un o, bí Mọ́mì ṣe sọ ọ́ nìyẹn.) Bí èèyàn bá ṣe pẹ́ sí ló ń sún mọ́ fèrèsé. Ó lé lọ́dún mẹ́ta kó tó sún dé ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Bó ṣe gbọ́ pé òun ń lọ sílé, ó gbé àyè ẹ̀ fún bàbá arúgbó kan tó ń wúkọ́, òun wá padà síbi garawa tí gbogbo yàrá ń ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ sí.

"Ta ló máa bá a gba àyè ẹ̀ padà?" Mọ́mì ní. "Fáìlì ò sì sí. Tí ọjọ́ yẹn bá kọjá, mi ò mọ ìgbà tí ọjọ́ mìíràn máa wà. Ẹ̀gbẹ́ garawa lọkùnrin yẹn wà báyìí, Hadassah. Nítorí ẹnu ẹ."

Ì bá kúkú gbá mi létí. Kò gbá mi. Ó kàn jókòó, ó ń wo ọwọ́ ara ẹ̀.

Dádì din dòdò lálẹ́. Mi ò jẹ. Òótọ́ nìyí náà.

Ọjọ́rú, 9

Mo to fáìlì. Mi ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Bàbá tó ń ṣọ́ géètì béèrè bóyá ibà ń ṣe mí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12

Mọ́mì ní èmi fúnra mi ni mo máa lọ tún ọ̀rọ̀ mi sọ. Mo gun òkè Mpape láàárín àwọn tírélà òkúta, eruku funfun bò mí títí mo fi dà bí iṣu tí wọ́n yí sínú èlùbọ́. Ìyá Habeebah wà lábẹ́ agboòrùn ńlá, ó ń bó ọsàn fún oníbàárà. Mo kúnlẹ̀ níbẹ̀ lójú gbogbo ayé.

"Ìyá Habeebah, ẹ jọ̀ọ́. Irọ́ ni mo pa fún yín."

Ọ̀bẹ ẹ̀ ò dúró. "Èwo nínú ẹ̀?"

"Ti ìrẹsì yẹn. Ti ọ̀rẹ́ yẹn. Pé bàbá Habeebah ń bọ̀ wálé."

"Èwo ló wá ṣẹ́ kù?"

"Pé Mọ́mì mi ń wá fáìlì náà. Ìyẹn nìkan ni òótọ́."

Ó bó ọsàn náà tán, ó gbà á lówó, ó nu ọ̀bẹ. "Mo ti pe ìyá ọkọ mi l'Ógbómọ̀ṣọ́. Wọ́n ti so àgbò mọ́lẹ̀." Mo rò pé omi ló máa dà sí mi lórí. Ọ̀bẹ kejì ló gbé fún mi. "Jókòó kí o bá mi bó ọsàn. Bóyá tí ọwọ́ ẹ bá dí, ẹnu ẹ á sinmi."

Ọsàn tí mo bó lónìí á tó ẹgbẹ̀rún mẹ́rin. Ẹnu mi sinmi fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà mo bi í bí ọjọ́ tí wọ́n mú wọn ṣe rí. Ó ní méje ni wọ́n jọ kó sínú ọkọ̀ ọlọ́pàá. Ọ̀kan nínú wọn, Tony, padà dé láàárín ọdún yẹn, torí àbúrò bàbá ẹ̀ gba lọ́yà fún un. Òun ló ń tún fóònù ṣe nísàlẹ̀ ọ̀nà yẹn.

"Ṣé ẹ ti bi í nípa fáìlì rí?"

"Kí ni mo fẹ́ bi í? Ẹjọ́ tiẹ̀ ti tán."

Mo fọwọ́ nu ara, mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bá Tony. Kò tíì tó ọgbọ̀n ọdún, ó láwọ̀, ó tú fóònù mẹ́ta palẹ̀ níwájú. Lára ògiri ẹ̀yìn ẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tí wọ́n ń pààrọ̀ ojú fóònù, ìwé kóòtù kan wà níbẹ̀ tó ti fi ọ̀rá bò kí omi má bàa bà á jẹ́.

"Ìyẹn? Ìwé ìdásílẹ̀ mi ni," ó ní. "Ọlọ́pàá tó bá tún fẹ́ mú mi, òun ni mo máa kọ́kọ́ nà sí i."

Mo sún mọ́ ọn. Nọ́ńbà ẹjọ́ wà lókè. Lábẹ́ ẹ̀, wọ́n kọ ọ́ pé Kọmíṣọ́nnà Ọlọ́pàá ló ń bá Tony àti àwọn mẹ́fà mìíràn ṣẹjọ́.

"Bọ̀dá Tony, àwọn mẹ́fà yìí dà?"

"Wọ́n ti fi gbogbo wa sílẹ̀ now. Lọ́yà mi ní ẹjọ́ ti parí. Mo rò pé wọ́n ti padà sí ìlú wọn ni."

"Wọ́n ṣì wà níbẹ̀. Mo ń bá ìyàwó Abdulqudus bó ọsàn lókè níbẹ̀ báyìí."

Ó rọra gbé irin tó fi ń tú fóònù sílẹ̀. "Abeg, small girl, no play with me."

"Mo ti pa irọ́ tèmi tán lóṣù yìí, sà."

Ó dìde, ó fa ìwé náà yọ tòun ti ìṣó, ó ní kí n gbé e lọ.

Ọjọ́ Ajé, 14

Mọ́mì fúnra ẹ̀ ló bá mi lọ sí kóòtù. Bàbá Nehemiah gbé ìwé Tony jìnnà sójú, ó tún gbé e sún mọ́ra, ó ṣí ìwé ńlá ẹ̀. Ó wà níbẹ̀! Wọ́n ti fi báírò pupa fa ìlà gbọọrọ lé e lórí.

"Madam, ẹjọ́ yìí ti parí. Inú sítọ́ọ̀ àwọn tó ti parí ló wà."

"Ó parí fún ta ni, Bàbá?" Mọ́mì bi í.

Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é látọjọ́ tó ti dáyé ni pé ẹni àkọ́kọ́ lórí ìwé ẹ̀sùn ló ń ni orúkọ fáìlì. Bí wọ́n bá jẹ́ ogún, orúkọ ẹnì kan ló máa wọ ìwé ńlá, àwọn mọ́kàndínlógún á di "àwọn mìíràn." Ọjọ́ tí wọ́n dá Tony sílẹ̀, ẹnì kan fa ìlà pupa lé Tony lórí, àwọn mẹ́fà sì bá a lọ sí sítọ́ọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń wá Abdulqudus lè wá a títí ayé.

Òrùlé sítọ́ọ̀ yẹn ń jò. Fáìlì ga tó àjà. Èmi àti Bàbá Nehemiah wá a títí di agogo mẹ́rin, a ò rí i. Ọjọ́ Ẹtì ni gbogbo orúkọ gbọ́dọ̀ wọlé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 15

A ò rí i. Ọ̀pọ̀lọ́ kan wà nínú sítọ́ọ̀ náà tó ti mọ mí sójú.

Ọjọ́rú, 16

MO RÍ I! Igbe tí mo ké, ó dá mi lójú pé wọ́n gbọ́ ọ ní Minna. Ìsàlẹ̀ pátápátá ló wà, òkìtì ìwé tó ti lẹ̀ pọ̀ ló wà lórí ẹ̀. Bàbá Nehemiah gbé e bí ọmọ tuntun. A tẹ́ ojú ìwé náà síwájú fáànù lọ́kọ̀ọ̀kan, Mọ́mì ń kà á bó ṣe ń gbẹ.

Lẹ́tà kan wà nínú ẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn lọ́yà ìjọba, ó ti tó ọdún mẹ́ta ààbọ̀. Wọ́n ní àwọn ò rí ẹ̀rí kankan lọ́rùn ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèje, kí kóòtù fi gbogbo wọn sílẹ̀. GBOGBO WỌN. Ọjọ́ tí wọ́n ka lẹ́tà náà, ọkọ̀ tó ń kó ẹlẹ́wọ̀n bọ̀ bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Tony ti gba béèlì, ilé ló ti wá. Adájọ́ dá ẹni tó rí níwájú ẹ̀ sílẹ̀, ó sún tàwọn tó kù síwájú. Wọn ò kọ ọjọ́ tí wọ́n sún un sí.

Bàbá Nehemiah fi ìka lé ìlà pupa yẹn nínú ìwé ńlá. "Ọwọ́ mi nìyí," ó ní. "Èmi ni mo fà á."

Àwàdà mẹ́ta ló wá sí mi lẹ́nu, mo gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mì. Mọ́mì sọ pé, "Bàbá, ẹ bá mi ṣe ẹ̀dà gbogbo ẹ̀, kí ẹ sì fi òǹtẹ̀ lù ú kí ẹ tó máa lọ sílé." Bàbá náà ṣe é. Kò lọ jẹun ọ̀sán.

Ọjọ́bọ̀, 17

Mọ́mì lọ wá àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà rí nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n. Gbogbo wọn wà láàyè. Nígbà tó pè mí láti sọ bẹ́ẹ̀, ó dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo lọ fọ ojú.

Ọjọ́ Ẹtì, 18

Akọ̀wé tó ń gba orúkọ ní kí Mọ́mì fi wọ́n sórí ìlà kan, torí ẹjọ́ kan ni. Kó kọ orúkọ ẹnì kan, kó fi "àti àwọn mìíràn" sí i, kí ìwé má bàa gùn.

Mọ́mì rẹ́rìn-ín sí i. Mo mọ ẹ̀rín yẹn, òun ló rín kó tó gba kọ́kọ́rọ́ Màrúwá lọ́wọ́ mi. "Ìlà mẹ́fà, ẹ jọ̀ọ́. Mo lè dúró kí ẹ rí ìwé mìíràn."

A dúró. Ìlà mẹ́fà ni. Mo fojú ara mi kà á.

Ọjọ́bọ̀, 24

Mi ò sùn dáadáa. Dádì gbàdúrà gígùn kan níbi ìjọsìn ìdílé, ó dárúkọ àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, Hezekiah gan-an ò sùn nínú ẹ̀.

Wọn ò jẹ́ kí èmi wọlé. Ẹ̀bá géètì ọgbà ẹ̀wọ̀n ni mo dúró sí pẹ̀lú Ìyá Habeebah, Habeebah, àti Tony, tó ti ṣọ́ọ̀bù pa, tó yá ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ wá. Òjò rọ̀, oòrùn là, òjò tún rọ̀. Ìyá Habeebah ń ka tẹ̀sùbáà. Tony ń lọ, ó ń bọ̀. Ní agogo méjì, géètì kékeré ṣí, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Tony ń kà á: ẹnì kìíní tiwọn, ìkejì, ìkẹta. Ó dì mọ́ wọn, ó ń tọrọ àforíjì, wọn ò tiẹ̀ mọ ohun tó ń tọrọ ẹ̀ fún. Ìkẹrin. Ìkarùn-ún.

Wọ́n ti géètì.

Ìyá Habeebah dáwọ́ tẹ̀sùbáà dúró. Mo fẹ́ sọ nǹkan kan, ó wò mí, mo pa ẹnu mi dé. Mo rò pé a dúró fún ọdún mẹ́fà. Tony ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni.

Géètì tún ṣí. Mọ́mì ló kọ́kọ́ jáde, bàtà lọ́wọ́, ẹrẹ̀ dé orókún. Ọkùnrin gíga kan tó ti gbẹ wà lẹ́yìn ẹ̀. Bàtà ni kò rí wọ̀ tó fi pẹ́, ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wá fún un ní sílípáàsì.

Ìyá Habeebah jókòó sílẹ̀ nínú omi òjò, ó bú sẹ́kún. Habeebah ní tiẹ̀ kúnlẹ̀ dáadáa bí wọ́n ṣe kọ́ ọ kó máa kí àlejò. "Ẹ káàsán, sà."

Ọkùnrin náà lọ́ṣọ̀ọ́ síwájú ẹ̀. "Ẹ káàsán, mà."

"Bàbá ẹ nìyẹn," ìyá ẹ̀ ń sọ láàárín ẹkún.

"Rárá. Bàbá mi wà nínú fóònù."

Wọ́n ní láti mú fóònù jáde. Ó wo fọ́tò, ó wo ọkùnrin náà, ó tún wo fọ́tò. Adájọ́ Àgbà ò lè yẹ ẹ̀rí wò tó bẹ́ẹ̀. "Ṣé ẹ̀yin lẹ wọ fìlà yìí?"

"Èmi ni."

Ó ronú sí i. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ méjèèjì sókè pé kó gbé òun.

Nígbà tí ara rọlẹ̀, Abdulqudus yíjú sí mi. "Ṣé ìwọ lo sọ pé mo máa dé ilé lọ́jọ́ kẹrìnlélógún?"

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ dárí jì mí, sà. Irọ́ ni mo pa."

"Irọ́ báwo? Ṣé òní kọ́ ni?"

Mọ́mì ní kó má bà mí jẹ́ sí i. Ṣùgbọ́n ó ń rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 26

Mọ́mì sùn títí di agogo méjì ọ̀sán. Dádì bọ́ iná kúrò lára agogo ẹnu ọ̀nà. Ìdájọ́ mi ti pé, wọ́n dá mi sílẹ̀. Mo jókòó nínú ilé, mo ń ṣe kàyéfì ohun tí àwọn èèyàn ń fi òmìnira ṣe.

Ọjọ́ Àìkú, 27

A ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé nígbà tí Ìyá Habeebah pe Mọ́mì. Mọ́mì gbé e sórí sípíkà.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀. Kò jẹ́ ká ti ilẹ̀kùn kankan nílé yìí. Ilẹ̀kùn yàrá, ti ilé ìwẹ̀, títí dórí kọ́bọ́ọ̀dù. Gbogbo ẹ̀fọn Mpape ló ti wọlé tán. Láàárọ̀ yìí, ewúrẹ́ aládùúgbò wa wà lórí ìrọ̀rí mi!"

Lẹ́yìn ẹ̀ ni a gbọ́ ohùn ọkùnrin kan tó ń rẹ́rìn-ín, Habeebah sì ń pariwo lé ewúrẹ́ kiri.

Mọ́mì fọwọ́ bo fóònù. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú ẹ̀, títí Dádì fi gbé omi wá fún un. Nígbà tó rí ohùn fọ̀, ó ní, "Ẹ ra nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, Ìyá Habeebah. Ẹ jẹ́ kó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀ sílẹ̀. Ewúrẹ́ nìkan ni kí ẹ lé jáde."